Ọjọ́ Tí Letisi Pín Ìwé Kóòtù

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjọba méjì ló ń jọba lé wa lórí ní Odò Àgbọ̀nrín, a ò sì mọ èyí tí à bá sìn. Ìjọba àgbà wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, lápá etíkun. Nígbà tí a bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun tán, àwọn ọkùnrin wa jókòó, wọ́n ní bí àwọn bá lè lé ọba lọ, kí ló dé tí àwọn ará ẹ̀yìn òkè yóò tún máa pàṣẹ fún àwọn. Bí wọ́n ṣe dá ìjọba tuntun sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n yan gómìnà, wọ́n yan adájọ́, wọ́n gé igi, wọ́n fi kọ́ kóòtù sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọlọ tó wà létí odò. Ìjọba àgbà kọ̀ jálẹ̀. Òun náà yan adájọ́ tirẹ̀, ó ń ṣe kóòtù nínú ilé ẹnì kan, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kóòtù kan bá so pọ̀ ní tọkọtaya, ti kejì a ní àlè ni wọ́n. Ẹni tí kóòtù kan bá fún nílẹ̀, ti kejì a ní olè ni.

Mahala Dulini lorúkọ mi. Opó ni mí nígbà yẹn. Igi tí ọkọ mi ń gé ló wó lù ú, ilẹ̀ tó ń ṣán lọ́wọ́ náà ló sì fi sílẹ̀ fún mi. Kóòtù ìjọba tuntun ló kọ ilẹ̀ náà sí orúkọ mi. Akọ̀wé kóòtù yẹn ni Sadoku Pruiti, ọkọ Letisi, aládùúgbò mi. Sadoku ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àyà a máa dùn ún nígbà òtútù, ìwé tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, a máa gbé e wò bí ẹni wo ọmọ tuntun. Letisi kúrú ní tirẹ̀, kì í pariwo. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ló ṣe mọ̀wé kà.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni ẹ̀gbọ́n Letisi, Absalomu Gentiri. Nígbà tí ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀, òun gan-an wà lára àwọn tó ń pariwo rẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ìjà oyè dé láàárín wọn, ó bínú kúrò, ìjọba àgbà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá wọn níhà ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà náà ni òun àti Sadoku kì í jẹun pọ̀ mọ́.

Kóòtù méjèèjì ń jí ìwé ara wọn kó. Ẹgbẹ́ Sadoku ti ṣe é rí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àkókò òjò dídì ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá olè jíjà. Wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin méjì níbi ìjà kan ní ìsàlẹ̀ odò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin wọ́n ni. Nígbà tí Letisi gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá kó ìwé ìhà tiwa, ó pè mí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì gbé àpótí ìwé kóòtù lọ sínú ihò àpáta tó wà lẹ́yìn ilé mi, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wa erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn.

Lọ́jọ́ tí Absalomu dé, ọṣẹ ni èmi àti Letisi ń sè níwájú ilé rẹ̀. A rí àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń jáde láti inú igbó, ìbọn wà lórí itan oníkálukú.

"Letisi, ẹ kú iṣẹ́ o," Absalomu wí. Kò sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìbọn wọ̀nyí, èmi nìkan lẹ kó o wá kí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, Jobu Tatamu, bú sẹ́rìn-ín. Absalomu wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ìwé kóòtù ni mo wá gbà. Gbé àpótí náà jáde, kí n máa bá tèmi lọ."

"Kóòtù wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí kóòtù níbí, pé eré ọmọdé la ń ṣe. Ìwé eré ọmọdé náà lẹ wá gbé ìbọn fún?"

"Má bá mi ṣe àwàdà lónìí."

Ó nawọ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọlé. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya bẹ́ẹ̀dì tí a fi háhá àgbàdo kún, wọ́n da ẹ̀wà sílẹ̀ láti inú àgbá, wọ́n tú pákó ilẹ̀ yàrá. Rúùtù, ọmọ Letisi, tó ṣì kéré, wá di aṣọ mi mú gírígírí. Jobu jáde, ó dúró ti ìkòkò ọṣẹ, ó ń wo inú rẹ̀.

"Ìyá Rúùtù, ẹ jọ̀ọ́, kò sí nínú eléyìí ṣá?"

"Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí o wò ó," Letisi wí.

Ibi tí wọ́n ti ń wá a kiri ni Sadoku ti sáré dé láti inú igbó, àáké ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí wọ́n fi gba àáké náà, tí wọ́n sì yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn dè é. Ikọ́ gbé e. Absalomu dúró títí ikọ́ náà fi lọ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, aya rẹ̀ ló sì bá sọ ọ́.

"Ilé ọlọ la máa wà. Bí òrùn bá kan àtàrí lọ́la tí n kò bá rí àpótí náà, ọkọ rẹ á bá mi gun òkè lọ. Ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ni wọ́n máa bá a ṣe lọ́hùn-ún."

"Nínú òjò dídì yìí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ bí àyà rẹ̀ ṣe rí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Sadoku kígbe bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí ẹṣin: "Má gbé e fún un! Letisi, o gbọ́? Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á so mí rọ̀, má gbé e fún un."

Letisi mú igi, ó ń ro ọṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé iná abẹ́ ìkòkò ti kú.

Wọn kò tíì lọ jìnnà tí Gidioni Lusi fi dé, balógun ìjọba tuntun. Ó ti gbọ́. Ó ní òun ti ń kó àwọn ọkùnrin jọ, àwọn á dé ilé ọlọ ní ọ̀sán ọ̀la, àwọn á fi agbára gba Sadoku.

Letisi ní, "Ọ̀gbẹ́ni Lusi, ibi tí wọ́n dè é mọ́ ni ìbọn yín máa kọjú sí. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ná."

"Ìyàwó akọ̀wé, ẹ lọ máa tún ilé yín ṣe. Ọ̀rọ̀ ìjọba lèyí."

Ó lọ. Letisi wo ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ káàkiri, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ihò àpáta."

Ihò náà tutù, òórùn ilẹ̀ kún inú rẹ̀. Letisi jókòó ti àpótí náà, ó ṣí i, ó gbé ìwé tó wà lókè.

"Bí mo bá gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á dáná sun ún. Ilẹ̀ yín lọ nìyẹn. Bí n kò bá gbé e fún un, Gidioni á dé, wọ́n á yìnbọn síra wọn, Sadoku ló wà láàárín." Ó na ìwé náà sí mi. "Ti Hanna Wia nìyí, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ pín fún àwọn ọmọ. Ìyá, ta ló ni ín? Ṣé Sadoku ni?"

"Hanna ló ni ín. Sadoku kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni."

"Ṣé ìjọba tuntun ló ni ín?"

"Mo ní Hanna ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún Hanna. Ká dá oníkálukú ní tirẹ̀ padà, ní ojú gbogbo wọn, ní ilé ọlọ. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà kò ní sí mọ́."

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi kò mọ̀wé, pé bí ìwé bá wà lọ́wọ́ mi, eku á jẹ ẹ́ tàbí kí omi dà sí i. Pé ìdí tí a fi ń kó ìwé sí kóòtù nìyẹn.

"Eku lè jẹ ẹ́ lọ́wọ́ yín lóòótọ́," ó wí. "Ní kóòtù, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ lọ́la."

A jáde, èmi gba apá òkè odò, òun gba apá ìsàlẹ̀, a sì ń ya ilé dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin la lọ, nítorí àwọn ọkùnrin ti wà lọ́dọ̀ Gidioni tàbí lọ́dọ̀ Absalomu. Ẹlòmíì fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Hanna Wia ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ó ní ọmọ òun wà níbi ìjà ìsàlẹ̀ odò yẹn, òun kò fẹ́ wàhálà kejì. Mi ò mọ̀ bí ẹnikẹ́ni máa wá.

Lọ́jọ́ kejì, a fa àpótí náà lórí pákó tí a fi ń fa igi nínú òjò dídì. Ilẹ̀ funfun báláú, ojú ọ̀run sì ṣú. Bí a ṣe yọ sí ilé ọlọ, mo rí àwọn ènìyàn. Wọ́n dúró létí igbó, àwọn obìnrin pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ilé ọlọ náà. Hanna Wia wà níbẹ̀. Sadoku wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti so ó mọ́ òpó, wọ́n da awọ béárì bò ó léjìká, ètè rẹ̀ dúdú.

Absalomu jáde. "Ta ló ní kí gbogbo àwọn wọ̀nyí wá?"

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, àpótí tí ẹ ní kí n gbé wá nìyí." Letisi gun orí kùkùté igi kan, ó ṣí ọmọrí. "Mo ní láti kọ́kọ́ dá ẹrù àwọn ẹlẹ́rù padà. Hanna Wia!"

Kò sí ẹni tó mira. Lẹ́yìn náà ni Hanna bọ́ sí gbangba, ó ń fi ẹsẹ̀ tú òjò dídì, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì dì í mọ́ àyà.

"Mahala Dulini."

Mo gba tèmi.

"Letisi, pa àpótí yẹn dé," Absalomu wí. Ó gbé ìbọn sókè. Kò nà án sí i gan-an, ṣùgbọ́n ó ti gbé e sókè. "Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mẹ́ta nínú àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń bọ̀. Letisi kò gbójú kúrò lára ìwé.

"Jobu Tatamu àti Nensi Huki. Ìwé ìgbéyàwó."

Jobu wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ó dúró sójú kan. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo Absalomu, ó wá yọ fìlà.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Bí ìwé yìí bá jóná, Nensi á ní òun kò fẹ́ mi rí. Ó ti ń wá ọ̀nà láti ọdún tó kọjá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín létí igbó, àwọn mìíràn sì gbè é. Jobu na ọwọ́, Letisi fi ìwé sí i. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù wá bi í léèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ti bàbá òun bá wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tìhín tọ̀hún, ìbọn di ohun tí wọ́n gbé ti igi kí ọwọ́ lè ráyè gba ìwé. Absalomu dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀ tó dè mọ́lẹ̀.

"Absalomu Gentiri," Letisi wí. "Ilẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà ilé ọlọ."

Gbogbo wa ló mọ̀ pé ìgbà tó ṣì wà pẹ̀lú ìjọba tuntun ni wọ́n kọ ilẹ̀ yẹn fún un. Orí ilẹ̀ náà ló ń gbé. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé yóò yìnbọn. Nígbà tó yá, ó rìn wá, ó gbà á, ó ká a, ó tì í bọ inú ẹ̀wù, kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ló wá kù ní ìsàlẹ̀ àpótí. Letisi kà á fún ara rẹ̀, ó sì kà á sókè. Àdéhùn ni, èyí tí àwọn aṣáájú wa bá àwọn Ṣẹ́rókì ṣe, àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí a tó dé. Ó ní Odò Àgbọ̀nrín ni ààlà, pé ìhà ìlà-oòrùn di tiwa, pé gbogbo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn odò jẹ́ ti àwọn Ṣẹ́rókì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Àwọn àgbà wọn ti fa ìlà àmì wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?" Letisi bèèrè.

Kò sí Ṣẹ́rókì kankan níbẹ̀. Ẹnì kankan nínú wa kò rántí pé ká pè wọ́n.

"Ìjọba ló ni ín. Tiwa ni," Absalomu wí.

"Tiwa ni," Sadoku wí láti ibi òpó.

Láti ọdún mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu wọn kò lórí nǹkan kan.

Letisi wo àwọn méjèèjì. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ ohun kan. Ṣùgbọ́n ètè ọkọ rẹ̀ ti dúdú, a sì ti ń gbọ́ ìró ẹṣin láti òkè odò. Ó dá ìwé náà padà sínú àpótí, ó pa á dé.

"Ẹ gbà. Àpótí lẹ bèèrè, ọkọ mi ni mo bèèrè."

Absalomu fúnra rẹ̀ ló gé okùn náà. Nígbà tí Gidioni àti àwọn tirẹ̀ fi máa dé, Sadoku ti wà lórí pákó tí a fi fa àpótí wá, awọ béárì náà ṣì wà léjìká rẹ̀, àwọn aya wọn sì ti ń sáré lọ pàdé wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Gidioni bú wa púpọ̀. Kò sí ohun tó kù tí yóò yìnbọn sí.

A fa Sadoku délé.

"O tú kóòtù ká lójú mi," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Mo tú u ká."

"Gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ."

"Wọ́n ṣì wà, Sadoku. Ilé àwọn tó ni wọ́n ni wọ́n wà."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó tún máa jẹun níwájú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dídì yọ́, tí ewé tuntun jáde, ọkùnrin Ṣẹ́rókì kan wá sí ilé Letisi. Tawodi lorúkọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a máa gbé oyin àti awọ wá pààrọ̀ iyọ̀. Lọ́jọ́ náà kò gbé ohunkóhun wá. Mo wà níbẹ̀, à ń gbin ẹ̀wà.

"Ìyá Rúùtù, mo gbọ́ pé ẹ dá ìwé oníkálukú padà fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wá gba tiwa. Àwọn ènìyàn yín ti sọdá odò, wọ́n ń gé igi. Mo ní odò ni ààlà, wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Ọwọ́ mi wà nínú àwọn tó fa àmì sí i."

Letisi gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Tawodi jókòó, ó fún un ní wàrà, ó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bó ṣe wà, pẹ̀lú ilẹ̀pa lọ́wọ́. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Absalomu ti fi àpótí náà ránṣẹ́ sẹ́yìn òkè. Kò mọ ibi tó wà. Absalomu tún bi Letisi léèrè bí ọ̀rọ̀ Ṣẹ́rókì ṣe kàn án.

"Ìwé yín kò sí lọ́wọ́ mi," ó sọ fún Tawodi. "Èmi ni mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo kà á. Mo lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ fún."

Tawodi rò ó. "Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn."

Àwa mẹ́ta la jọ lọ. A la odò kọjá níbi tí kò ti jìn, omi náà ṣì ń gé ẹsẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá ni Jobu Tatamu, ó ti to igi ilé rẹ̀ dé àyà, Nensi ń po amọ̀ láti fi dí àlàfo rẹ̀. Letisi sọ ohun tó kà, gbogbo rẹ̀, ó pe orúkọ odò, ó pe ìhà tó jẹ́ ti Ṣẹ́rókì. Jobu yọ fìlà, ó gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Ìyá Rúùtù, mi ò ní pè yín ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé náà hàn mí."

"O mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ mi. O wà níbẹ̀, Jobu. O gbọ́ nígbà tí mo kà á."

"Mo gbọ́ ọ. Òtútù pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tí a gbọ́ pọ̀." Ó dé fìlà padà. "Bí ìwé bá dé, ẹ pè mí."

Nensi ti tẹrí ba, ó ń po amọ̀ rẹ̀. Tawodi kò bínú lójú wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Letisi, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láàárín àwọn igi tí wọ́n ti gé. A gbọ́ àáké Jobu kí a tó padà dé etí omi.

Ìjọba tuntun kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú fúnra rẹ̀, ìjọba àgbà sì dárí jì gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ gbé e lọ, wọ́n tún un kọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ mi ṣe jẹ́ tèmi títí di òní. Sadoku di akọ̀wé wọn, abẹ́ Absalomu ló sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹun. Ní ìhà kejì odò, èéfín ilé pọ̀ débi pé a kì í rí òkè mọ́ láàárọ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ lọ Sadoku níbẹ̀, ilẹ̀ tó dára, olómi. Letisi sọ fún un pé bó bá sọdá, fúnra rẹ̀ ni yóò máa dáná jẹ níbẹ̀, pé òun kò ní bá a lọ. Sadoku kò sọdá.